Ohun Tó Ń Wúwo Nínú Ìrù Bàlúù

Àpótí tí ọkọ mi gbé ti Abidjan dé gùn tó ibùsùn wa. Pátákó ni, wọ́n fi ìṣó kàn án yíká, ọkùnrin méjì ló sì rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ bí ẹni gbé aláìsàn. Ní àdúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò nígbà náà, ilé tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire kò wọ́pọ̀, gbogbo wa la sì mọ ẹrù ará Abidjan: aṣọ, abọ́ onítánganran, rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ. Àpótí tó gùn báyìí, a ò rí irú rẹ̀ rí. Ayé ológun la sì wà, ẹ̀rù kékeré kì í pẹ́ di ńlá lọ́kàn àwọn èèyàn. Ọkọ mi ò tíì bọ́jú tán tí obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wa fi fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, má bínú o. Ṣé kì í ṣe ìbọn ló wà nínú yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìbọn kẹ̀? Ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọkọ tó ti pẹ́ ní òkèèrè, tó dé tí kò jẹ́ kí ìyàwó fọwọ́ kan ẹrù, ìyàwó ọ̀hún á ronú.

Nígbà tó ṣí àpótí náà, bàlúù ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré o. Jẹ́ẹ̀tì ni, funfun báláú, imú rẹ̀ ṣóńṣó, apá rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti àwọn ológun. Dírẹ́bà òyìnbó Faransé kan ni ọkọ mi ní Abidjan. Ní ọjọ́ Àìkú, òyìnbó náà máa ń lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú láti lọ fi irú bàlúù yìí ṣe fàájì. Ọkọ mi a máa bá a gbé ẹrù, ibi tó ti ń bá a gbé ẹrù ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi ọ̀kan ta á lọ́rẹ.

Inú ikùn bàlúù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Fáànù kékeré kan wà nínú ikùn náà pẹ̀lú, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù gbọọrọ kan jáde nídìí. Èèyàn á dúró sórí ilẹ̀, á di rìmóòtù tó ní irin gígùn lórí mú, bàlúù á sì máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu lójú ọ̀run.

Ilé bàbá ọkọ mi la ń gbé, èmi, ọkọ mi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti ṣaláìsí. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, oko wọn wà lọ́nà Ọlá. Yàrá iwájú ni wọ́n máa ń kó àgbàdo wọn sí. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o kúrò níbẹ̀ kí bàlúù lè ráyè. Wọ́n kó o síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì sì sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ. Ní àárọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n dúró lórí àgbàdo tí ewúrẹ́ ti tú ká, wọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá iwájú.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé páànù bọ̀ láti Abidjan," ni wọ́n sọ fún ọkọ mi. "Ìwọ gbé ẹyẹ tí kò lẹ́ran lára bọ̀, o sì ní kí oúnjẹ jáde fún un."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àgbàdo wọn nílẹ̀.

Ọkọ mi ti sọ káàkiri pé òun máa fò ó fún ìlú wò nígbà Iléyá, lẹ́yìn tí a bá ti kírun yídì tán. Torí náà ó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní kíkan apá mọ́ ara kò le. Mímú un dọ́gba gan-an niṣẹ́. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ apá ọ̀tún àti apá òsì, ó wá pè mí.

"Na ìka rẹ méjèèjì. Gbé àwọn àmì yẹn lé wọn lórí. Rọra."

Mo gbé e. Ìrù rẹ̀ lọ sílẹ̀, imú gbé sókè bí ajá tó ń gbóòórùn ẹran. Ọkọ mi mi orí.

"O rí i? Bó bá fò báyìí, imú á máa lọ sókè, á máa lọ sókè, títí atẹ́gùn ò fi ní gbé apá rẹ̀ mọ́. Á wá dà wálẹ̀. Kò sí ohun tí rìmóòtù lè sọ tí á gbọ́."

Ó ti tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, ó sì ti yọ òjé inú rẹ̀. Ó ń fi síṣọ́ọ̀sì gé òjé náà wẹ́wẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú imú bàlúù, èmi sì ń gbé e lórí ìka. Kò tíì tó. Ó fi kún un. Ó pọ̀ jù. Ó yọ díẹ̀. Nígbà tó yá, bàlúù náà dúró jẹ́ẹ́ lórí ìka mi, imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀nba, bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ó tún wo apá ọ̀tún àti ti òsì. Ti òsì wúwo díẹ̀, ó lẹ ìṣó kékeré kan mọ́ ṣóńṣó apá ọ̀tún, wọ́n sì dọ́gba.

"Se bọ̀n!" ló wí, Faransé tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dára. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tó ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jọ ṣe nǹkan.

Ó ti yàrá náà pa. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, torí pé èmi ni mo ń ṣí fèrèsé lójúmọ́ kí òórùn epo bàlúù má bàa kún inú ilé. Irin wà lójú fèrèsé náà, ọwọ́ èèyàn ò sì lè ti ìta kan tábìlì.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí a tún gbé e wò. Mo na ìka mi. Ìrù lọ sílẹ̀.

Ọkọ mi wò mí, ó wo bàlúù. Ó ní kí n gbé e dáadáa. Mo gbé e dáadáa. Ìrù tún lọ sílẹ̀. Ó ṣí imú, ó wo òjé. Òjé pé. Ó wo bátìrì kékeré inú rẹ̀, kò kúrò níbi tó wà. Ó yọjú wo ẹnu páìpù ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù náà ṣẹ́ kọ́rọ́ nínú, ojú ò lè ríbi tó lọ. Ó fi òjé kún imú, a sì mú un dọ́gba.

Kò pẹ́ sí i, ó tún gbé e. Ìrù tún ti wúwo.

Kò bínú sókè. Ìyẹn ló burú. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń yí sukudíráfà lọ́wọ́.

"Ta ló wọlé síbí?"

"Kò sẹ́ni."

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà."

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé mi, ara mi gbóná.

"Ọkọ mi, èmi lẹ ń bi?"

"Mo bi ọ́ ni? Mo ní kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà." Ó dìde. "Ìwọ lo sọ pé láti ìgbà tí mo ti dé, bàlúù yìí ni mò ń wò lójú ju ìwọ lọ. Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ ọ́?"

Mo sọ ọ́. Eré ni mo fi sọ ọ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun. Mi ò mọ̀ pé ó gbé e pamọ́. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di ìwọ̀n láàárín wa. Bí mo bá bu oúnjẹ, á wo oúnjẹ kó tó wò mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí wò ó. Mo ń ronú pé bóyá ó fẹ́ wá ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn kó lè padà sí Abidjan lọ bá ẹni tí mi ò mọ̀.

Nígbà tí ìrù tún wúwo lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà pé èmi kọ́, ó wá yí ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Ẹni tí wọ́n lé àgbàdo rẹ̀ síta. Ẹni tó ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láìwo ibẹ̀. Kí n má parọ́, èmi náà fura sí wọn. Ní ọ̀sán kan mo bá wọn nídìí fèrèsé yàrá náà lóde, wọ́n di irin mú, wọ́n ń wo inú.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Mò ń wò ó bóyá ó ti yé ẹyin," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi. Bóyá kò yẹ kí n ròyìn rẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló wà nínú ilé.

Ó ra páúdà ọmọ ọwọ́, ó dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí òórùn epo, ó wá ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọlé á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ṣí i. Kò sí àmì ẹsẹ̀ kankan, àfi ti aláǹgbá. A gbé bàlúù lórí ìka. Ìrù ti tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ká ní a rí àmì ẹsẹ̀ ẹnì kan ni, ì bá sàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń wúwo nínú yàrá títì, tí kò sẹ́ni tó wọlé! Ọkọ mi ń wo òkè àjà. Mo mọ ohun tó ń rò, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ti oko dé, tí wọ́n rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo páúdà. Wọ́n wo abẹ̀bẹ̀. Àgbà ni wọ́n, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé.

"Ẹsẹ̀ ta lẹ ń wá?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀…"

"Mo ní ẹsẹ̀ ta lẹ ń wá nínú ilé bàbá mi?"

Wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àárín páúdà, wọ́n sì yọ ọ́.

"Òun nìyẹn. Ẹ ti rí i."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti di ẹní àti aṣọ wọn, wọ́n lọ sí abà wọn lọ́nà Ọlá. Ọkọ mi tẹ̀ lé wọn dé ìta, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọn ò wẹ̀yìn. Obìnrin oníkẹrosíìnì rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àdúgbò ti ń sọ pé ohun tó wà nínú àpótí náà ti ń lé onílé.

Ọ̀sán gangan ni mo rí ohun tí mo rí. Ọkọ mi ti lọ sí Òṣogbo lọ wá bátìrì. Ó ti dá kọ́kọ́rọ́ mi padà fún mi láìsọ nǹkan kan, mo sì gbé aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́ lọ sínú yàrá náà. Mo sọ lọ́kàn mi pé bó jẹ́ èèyàn tàbí àǹjọ̀nnú, màá jókòó dè é. Mo ń ka Kúlíùwàlláù sínú, mo ń rán ìgbátí.

Agbọ́n kan gba àárín irin fèrèsé wọlé. Dúdú ni, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Mo kọ́kọ́ gbé aṣọ sókè láti lé e. Ni mo bá rí i pé ó gbé nǹkan sẹ́nu, róbótó kan tó tutù, tó ń dán. Kò wò mí rárá. Ó fò tààrà lọ sí ìdí bàlúù, ó bà lé ẹnu páìpù, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, wùù-wùù, bí ẹ̀rọ ìránṣọ nílé kejì. Ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó bá fèrèsé lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́, ó padà dé pẹ̀lú ẹrù míì.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Nígbà tí ọkọ mi dé tí mo sọ fún un, ó gbé bátìrì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Agbọ́n."

"Agbọ́n ni. Èyí tó ń fi amọ̀ mọ ilé."

"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ríra ni? Ṣé òun ló ní kí o wá bẹ̀ mí báyìí?"

Mi ò jà. Mo fà á lọ́wọ́ wọlé, mo mú un jókòó. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa títí agbọ́n náà fi gba irin fèrèsé wọlé pẹ̀lú amọ̀ lẹ́nu, tó kọjá níwájú imú rẹ̀, tó sì wọlé tirẹ̀. Ọkọ mi dìde. Ó tú ìdí bàlúù, ó fa páìpù yọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ní ibi tó ṣẹ́ kọ́rọ́ gan-an, amọ̀ ti kún ibẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìka ọwọ́ tí wọ́n tò jọ. Ó fi sukudíráfà wó o. Àwọn aláǹtakùn kéékèèké wà nínú amọ̀ náà, wọn ò kú, wọn ò sì yè, oúnjẹ àwọn ọmọ agbọ́n ni. Nígbà tó kó gbogbo amọ̀ náà sọ́wọ́, ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, bí ẹni ń wọn ẹran.

Kò sọ pé kí n má bínú. Ó yọ gbogbo òjé tó ti fi kún imú láti ọjọ́ tí ìfura ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n na ìka. Bàlúù náà dúró jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí abà ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kúnlẹ̀. Ó ti di amọ̀ náà sínú aṣọ, ó tú u síwájú wọn, ó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n ń bó iṣu lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Agbọ́n ló wá bẹ̀ mí ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ foríjì mí."

"Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni, kí lo gbé amọ̀ wá fún? O fẹ́ kí n rí ẹlẹ́rìí." Wọ́n ti amọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti foríjì ẹ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ iṣu."

A jẹ iṣu. Wọn ò bá wa padà sílé.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun yídì, èrò kún pápá kan lọ́nà Máṣífà. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí yangí, àwa sì ti gbá a mọ́ láti àná. Àwọn èèyàn ti Ìṣundùnrìn pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lókèèrè lábẹ́ igi, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Ọkọ mi tún gbé bàlúù lórí ìka rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ariwo rẹ̀ mú kí àwọn ọmọdé sá. Bàlúù náà sáré lórí ilẹ̀, ó gbọ̀n, apá kan fẹ́ẹ́ kan ilẹ̀, ó sì gbéra.

Mo ń wo imú rẹ̀. Mò ń bẹ̀rù kó má lọ gbé sókè jù. Kò gbé sókè jù. Ó lọ tààrà, ó yí po lórí wa, funfun lójú ọ̀run, ó dúró ṣinṣin bí àwo tí wọ́n gbé lé tábìlì. Àwọn èèyàn ń ké Alláhù Àkíbárù. Nígbà tó balẹ̀, táyà rẹ̀ kan kán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi yíjú sí abẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ kan sókè sí i.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ kaftáànì eérú, tí kò pàtẹ́wọ́. A ò mọ̀ ọ́n. Ó rìn wá bá ọkọ mi.

"Báwo ló ṣe lè jìnnà tó, kó tó di pé kò gbọ́ràn mọ́?"

Ọkọ mi ní kò jìnnà púpọ̀.

"Ṣé ó lè gbé nǹkan?"

"Ara rẹ̀ nìkan ló lè gbé."

Ọkùnrin náà mi orí, ó dúpẹ́, ó lọ. A bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Máṣífà, wọ́n ní àwọn rò pé àlejò wa ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ mi tú apá bàlúù, ó kó o padà sínú àpótí, ó kàn án. Ó ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ni ọkùnrin yẹn lè jẹ́, kò sì fò ó mọ́ ní Ẹ̀jìgbò. Nígbà tó ń padà sí Abidjan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé e dání.

Kó tó lọ, mo bi í léèrè ohun tó ti wà nínú mi tipẹ́. Mo ní, "Ọkọ mi, ká ní mi ò jókòó sí yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, ta lẹ máa mú?"

Ó ń so bàtà rẹ̀. Ó so ó tán, ó tú u, ó tún so ó. "Ọlọ́run ò jẹ́ kó débẹ̀," ló wí. Mi ò tún bi í mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò padà wá gbé lọ́dọ̀ wa láé. Wọ́n a máa wá kí wa bí wọ́n bá wá sí ìlú, wọ́n a mú àgbàdo tútù tàbí iṣu wá fún mi, wọ́n a jẹun, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dìde tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n a dúró lójúde, wọ́n a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú mi kí n rí i pé òfo ni wọ́n, wọ́n a ní:

"Ìyàwó, wo ilé yín dáadáa kí n tó lọ o."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè ṣe.